Òórùn Ẹfinrin Nínú Kọ́tìnì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí ìwé kan ti wà lórí tábìlì mi tí mi ò rí gbé kúrò níbẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé lásán ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, epo ti ta sí i lápá kan. Inú ẹ̀ ni mo kọ orúkọ àwọn ewé tí ìyá àgbà mi máa ń lò sí, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, tí mo máa ń jókòó tì wọ́n lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú bíró lọ́wọ́, wọ́n á máa dárúkọ ewé, èmi á máa kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yangàn pẹ̀lú ìwé yẹn. Báwọn èèyàn bá ń dárò pé ìmọ̀ àwọn àgbà ti ń bá wọn wọlẹ̀ lọ, èmi á ní tiwa ò lọ o, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ 31 ló wà níbẹ̀. Ẹfinrin, ewúro, dóńgóyárò, rinrin, àbámọ̀dá, asofẹ́yẹjẹ, orin ata, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni ojú mi tó là sí i pé kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo nínú ìwé náà. Kò sí sè, kò sí gbo, kò sí rẹ, kò sí gún, kò sí jó. Orúkọ lásán ni látòkè délẹ̀, bíi rẹ́jísítà kíláàsì. Ó sì ń dùn mí, torí ọwọ́ tó yẹ kí n wò nígbà yẹn wà níwájú mi, ẹnu ni mo gbájú mọ́.

Ọjọ́ tí Màmá Ńlá gbóòórùn kọ́tìnì

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú ń run àbúrò mi obìnrin, inú tó ń lọ́ tó sì ń kùn, kì í ṣe èyí tó le, nǹkan tó jẹ ni ò bá a lára mu. Mo ṣí ìwé mi, mo rí i níbẹ̀: ẹfinrin, inú rírun. Mo já ẹfinrin, mo fọ̀ ọ́, mo kó o sínú ìkòkò, mo bomi sí i, mo gbé e ka gáàsì, mi ò dé e, mo sì bá iṣẹ́ míì lọ. Nígbà tí mo fi máa padà dé ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú tó ti ń hó, omi ẹ̀ ti pọ́n bíi tíì, òórùn ẹ̀ ti ta sánsán gba gbogbo ilé. Inú mi dùn gan-an, mo ní ilé wa ti ń ta sánsán bíi ti ìyá àgbà.

Màmá Ńlá, ẹ̀gbọ́n màmá mi, wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n bu díẹ̀ sínú ife, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e padà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí fèrèsé kíṣìnì, wọ́n fa kọ́tìnì mọ́ra, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi nuwọ́ ni, àṣé wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀.

"Wá gbóòórùn kọ́tìnì yìí."

Mo gbóòórùn ẹ̀. Ẹfinrin ni, pọ́nńbélé.

"Ó yá, gbóòórùn ife."

Mo gbé ife. Omi gbígbóná ni, pẹ̀lú òórùn koríko díẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Wọ́n ní, "Ewé yìí, òórùn ẹ̀ ni oògùn ẹ̀. Òun ló wà lára kọ́tìnì yẹn. Kí ló wá kù nínú ife tó o fẹ́ fún àbúrò ẹ mu? Ta ló tiẹ̀ ní kó o sè é?"

Mo ní, "Màmá, ṣebí bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn?" Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ìyá àwọn ò sè ẹfinrin fún inú rírun rí láyé àwọn, gbígbo ni wọ́n ń gbo ó. Wọ́n wá ní kí n lọ já tuntun wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí pé mo wò ó lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó ń wo nǹkan tó fẹ́ sọnù. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni wọ́n mú. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbọn omi ara ẹ̀ dànù, wọ́n yọ àwọn igi tó gan kúrò. Wọ́n kó o sínú abọ́, wọ́n fọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i lórí, wọn ò tíì bomi sí i rárá. Wọ́n wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, wọ́n á dì í mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́, wọ́n á rà á, wọ́n á tú u, wọ́n á tún dì í. Ewé náà kọ́kọ́ ń dún lábẹ́ ọwọ́ wọn, ṣàà, ṣàà, kó tó di ìṣẹ́jú méjì ó ti dákẹ́, ó ti rọ̀, omi tó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ìka wọn, ó ń hó díẹ̀díẹ̀ bí omi ọṣẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n tó ní kí n bu omi tútù wá, ife kan péré. Wọ́n gbo ó sí i, wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n fún ewé tó kù gbẹ. Òórùn tó jáde nínú abọ́ yẹn gbóná nímú, ó ta mí lójú. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà padà, pẹ̀lú bíró lọ́wọ́.

Ìdajì ife ni wọ́n fún àbúrò mi. Inú náà rọ̀ kó tó dalẹ́. Mi ò ní búra pé ẹfinrin ló ṣe é o, inú tó ń lọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ fúnra ẹ̀ nígbà míì, kì í sì í ṣe ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ yẹn. Kọ́tìnì yẹn ni.

Ewé pé, ọwọ́ ni ò pé

Wọ́n ní oògùn tí ò bá jẹ́, ewé ẹ̀ ni ò pé. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ewé tèmi pé lọ́jọ́ yẹn. Ẹfinrin ni ìwé wí, ẹfinrin ni mo já, mi ò fi ewé míì rọ́pò. Ohun tí ò pé ni iṣẹ́ tó yẹ kí ọwọ́ ṣe sí i.

Ohun tó sì fà á ò ṣòro láti yé èèyàn. Nínú ewé ẹfinrin, òróró kan wà tó fúyẹ́ gan-an, òun ló ń mú un ta sánsán. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá ìwádìí rí thymol nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, wọ́n rí eugenol nínú òmíràn, eugenol yìí kan náà ló wà nínú kànáfùrù, thymol sì wà nínú àwọn omi tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Òróró yìí ò sí lójú ewé lásán, inú àpò kéékèèké tójú ò rí ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí ewé fi gbọ́dọ̀ fọ́ kó tó tú u sílẹ̀. Bí iná bá sì ti kàn án tí ìkòkò ṣí sílẹ̀, ooru ló ń gbé e lọ. Bí àwọn tó ń fa òróró ewé tà gan-an ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á fi ooru lé òróró jáde, wọ́n á mú ooru yẹn, wọ́n á mú un tutù. Èmi náà lé e jáde, mi ò kàn mú un.

Màmá Ńlá ò mọ thymol. Àmọ́ nígbà tí mo bi wọ́n pé tó bá wá di dandan kéèyàn fi omi gbígbóná sí ẹfinrin ńkọ́, wọ́n ní kí n da omi tó hó lé e lórí, kí n fi àwo dé e kíákíá, kí n má ṣí i títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí mo bá sì máa ṣí i, kí n gbọn omi tó ń kán lábẹ́ àwo yẹn padà sínú ẹ̀, kí n má nù ún dànù. Wọ́n ní òógùn ìdérí, oògùn ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ tí Yorùbá fún àwọn oògùn ilé yìí. Àgbo, ohun tí a gbo. Àgúnmu, ohun tí a gún tí a ń mu. Àsèjẹ, ohun tí a sè tí a jẹ. Kò sí orúkọ ewé nínú ọ̀kankan wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Èdè wa ti pa á mọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí wá, a kàn ń fi ẹnu pè é lọ ni. Lónìí, èyí tí a sè fún wákàtí méjì gan-an, àgbo la ń pè é, gbogbo ẹ̀ ti di àgbo, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe di pé ohunkóhun tí a bá já, inú ìkòkò ló ń lọ.

Ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún omi ẹ̀ jáde

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo padà lọ ka ìtàn Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ọ̀pọ̀ wa la mọ ìtàn náà, torí oògùn tó wá yẹn, artemisinin, òun ni ìpìlẹ̀ àwọn oògùn ibà tí wọ́n ń kọ fún wa báyìí. Àmọ́ mi ò tíì fi ojú ọ̀rọ̀ kọ́tìnì yìí kà á rí.

Ọdún 1967 ni ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti wá oògùn ibà náà, wọ́n sì fi Tu Youyou sí i ní 1969. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ìlànà oògùn ìbílẹ̀ tó lé ní 2,000 jọ. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao fi agbára hàn, lẹ́yìn náà ó já wọn kulẹ̀, ohun tó ṣe lónìí, tí wọ́n bá tún un dánwò, kò ní ṣe é mọ́. Ewé pé o, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó wá padà sídìí ìwé tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ge Hong kọ ní ohun tó ju 1,600 ọdún lọ sẹ́yìn, ohun tó sì bá níbẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ, pé kí èèyàn mú qinghao ẹ̀kúnwọ́ kan, kó rẹ ẹ́ sínú omi, kó fún omi ẹ̀ jáde, kó mu gbogbo ẹ̀.

Kó fún omi ẹ̀ jáde. Kò sí sè níbẹ̀. Tu Youyou ka ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, ó wá ronú pé àbí iná táwọn ń lò ló ń ba ohun tó wà nínú ewé jẹ́. Ó fi ether dípò, nǹkan olómi kan tó máa ń hó ní nǹkan bíi 35°C, èyí tí ò tó gbígbóná ara èèyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ohun tí wọ́n fà jáde lọ́nà yẹn pa kòkòrò ibà tán pátápátá lára eku àti ọ̀bọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ mu ún kí wọ́n tó fún aláìsàn.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀ mo pa fóònù dé. Ká ní irú ìwé tèmi ni Ge Hong kọ ńkọ́? Qinghao, ibà. Kó wá parí ẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ á pé, àwọn tó ń bọ̀ á máa sè é.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa wá ibi tí yóò ti rí qinghao gbìn: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ò fọwọ́ sí i kéèyàn máa mu tíì ewé yẹn fún ibà. Ohun tó wà nínú ife kan ò dọ́gba pẹ̀lú ti ife kejì, díẹ̀ tí ò tó sì lè kọ́ kòkòrò ibà bí wọ́n ṣe ń farada oògùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ò tíì tó, ìwọ̀n ló kù.

Iná ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni jáde níbí kó máa sọ pé mo ní ká má sè nǹkan mọ́. Nígbà tí èmi àti Màmá Ńlá wá jókòó ti ìwé náà, mo rí i pé bí ohun tí a fẹ́ lò ṣe le sí ni iná ẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí. Èèpo igi àti egbò, iná gbọ́dọ̀ bá wọn fà á, omi tútù ò ní wọlé sí wọn lára. Ewé rírọ̀ tó ń ta sánsán, ọwọ́ ló ni ín. Èyí tó korò tí ò ní òórùn, bí ewúro, ọwọ́ náà ló ń gbo ó, àmọ́ bó bá kan iná díẹ̀ kò burú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ omidùn. Àwọn egbò kan wà tí ìyá àgbà kì í fi omi lásán rẹ, omidùn ni wọ́n máa ń dà sí i, tó ti kan dáadáa. Mo rò pé nítorí adùn ni, tàbí pé bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan kíkorò tó wà nínú egbò, àwọn tí wọ́n ń pè ní alkaloid, wọn kì í yòrò dáadáa nínú omi lásán, nínú omi kíkan ni wọ́n ti ń yòrò. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ oògùn ní yunifásítì gan-an nìyẹn, pé kí wọ́n fi omi kíkan fa alkaloid jáde. Ìyá àgbà ò wọ iléèwé, wọ́n ń fi omidùn ṣe é. Ọtí náà ní tiẹ̀, ó ń fa ohun tí omi ò lè fà, ìdí tí ìwọ̀n àgbo ọlọ́tí ò fi lè dọ́gba pẹ̀lú ti olómi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egbò kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ọwọ́ ta ni ẹ̀kúnwọ́?

Ibi tí ọkàn mi ti wúwo jù nìyí. Ní ojú ewé kẹfà nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀: asofẹ́yẹjẹ, kí ara lè balẹ̀, kí èèyàn lè sùn. Mi ò kọ iye. Orúkọ igi yẹn dùn, ó so fún ẹyẹ jẹ, àmọ́ egbò ẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Reserpine wà nínú ẹ̀, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1952 lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, tí wọ́n sì lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àwọn tórí wọn dàrú. Ìyẹn ni pé àwọn bàbá wa ò parọ́, ó ń mú ara balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, ó lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí lílù ọkàn falẹ̀, kí ìrònú sì dorí èèyàn kodò. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọsibítù, tó wá fi àgbo yìí lé e lórí tí ò sọ fún dókítà, ó ti sọ ọ̀kan di méjì láìmọ̀.

Àwọn òyìnbó náà gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1775 wọ́n bi dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Withering, nípa àgbo ìdílé kan tí ìyá àgbà kan ní Shropshire máa ń ṣe fún ara wíwú, ewé inú ẹ̀ tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, foxglove. Ọdún 10 ló wá lò lórí ìwọ̀n ewé kan yìí, ó kọ́kọ́ ń sè é, ó fi sísè sílẹ̀ ó ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, nígbà tó yá ewé tó gbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ló ń wọ̀n fún aláìsàn, nítorí pé díẹ̀ ló wà láàárín èyí tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ àti èyí tó ń dá a dúró. Ìwé tó kọ jáde lọ́dún 1785, a ń rántí ẹ̀ dòní. Kò kọ orúkọ ìyá àgbà yẹn sínú ẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó sì ń dùn mí síbẹ̀.

Mo bi Màmá Ńlá pé ẹ̀kúnwọ́ tí ìyá àgbà ń wí, ẹ̀kúnwọ́ ta ni? Wọ́n na ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí n gbé tèmi lé e. Tèmi tóbi ju tiwọn lọ. Wọ́n ní ti ìyá àwọn tún kéré sí tàwọn. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń fi ẹ̀kúnwọ́ tèmi wọn nǹkan, mo ti ń ṣe é jù.

Wọ́n tún ní àwọn ibì kan wà tí ìyá àwọn kì í dé. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, wọn kì í fún un ní àgbo mu. Aboyún, wọn kì í fún un ní egbò kankan. Ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná tó ń wárìrì, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí, ó di ọsibítù. Mo rò pé ìgbà yìí la sọ ọ̀rọ̀ di pé ọsibítù àti ewé ń bára wọn jà. Nínú ilé tí mo ti wá, ẹni tó mọ ewé jù ló kọ́kọ́ máa ń mọ ìgbà tí ewé ò lè ṣe é.

Má mú orúkọ wá, mú ewé wá

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé náà, mo máa ń ka orúkọ jáde, Màmá Ńlá á ní àwọn ò gbọ́, kí n mú ewé ọ̀hún wá. Mo rò pé etí wọn ti ń di ni. Ó wá yé mi nígbà tá a dé orí àbámọ̀dá, tí mo mú ọ̀dúndún wá fún wọn, tí mo sì ti ń pè é ní àbámọ̀dá láti ìgbà pípẹ́ torí àwọn méjèèjì nípọn, omi kún wọn, wọ́n sì jọra. Tọ̀hún ṣì rọrùn, kò sí ewu ńlá níbẹ̀. Àmọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù láàárín 1990 sí 1992, wọ́n fi ewéko kan rọ́pò òmíràn nínú oògùn tí wọ́n fi ń dín ara sísanra kù, torí pé orúkọ àwọn méjèèjì lédè Ṣáínà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, obìnrin tó tó 100 ló sì bá kíndìnrín tó bàjẹ́ nídìí ẹ̀. Mo ka èyí fún Màmá Ńlá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n lọ fi ewé gidi lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lẹ́yìn tiwọn fojú rí i.

Ohun tá a ń ṣe láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé fóònù dúró tí mò ń fi ká fídíò ọwọ́ wọn, kì í ṣe ojú wọn, ọwọ́ wọn. Mo ń wọn ẹ̀kúnwọ́ wọn lórí ìwọ̀n kékeré tó wà ní kíṣìnì, mo ń kọ gíráàmù ẹ̀ sílẹ̀. Mo ń kọ bóyá tútù ni tàbí gbígbẹ, bóyá a dé e, ọjọ́ mélòó la lè fi í pa mọ́. Ìyẹn tún jẹ́ nǹkan míì, ìyá àgbà kì í jẹ́ kí àgbo olómi pé ọjọ́ mẹ́ta, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gbé e kaná padà, èmi a máa fi tèmi sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nínú orúkọ 31, a ti rí ọ̀rọ̀-ìṣe fún 19. Àwọn míì, Màmá Ńlá ní kí n fún àwọn láyè kí àwọn rántí. Àwọn míì, wọ́n ti pe àbúrò wọn lórí fóònù, wọ́n jiyàn lórí bóyá wọ́n ń yan án kí wọ́n tó gún un àbí wọn kì í yan án, wọn ò sì tíì parí ẹ̀.

Ọ̀kan ló wà ní nọ́ńbà 14. Màmá Ńlá mọ ewé náà, wọ́n mọ àìsàn tí wọ́n fi ń wò. Àmọ́ wọ́n ní ìdájí ni ìyá àwọn máa ń ṣe é, ilẹ̀kùn á wà ní títì, àwọn ọmọ á ṣì wà lórí ẹní, ohùn ọlọ nìkan làwọn máa ń gbọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ṣe é fún mi lórí tábìlì, lọ síwájú, wá sẹ́yìn, bí ohùn yẹn ṣe ń lọ. Mo kọ "lọ̀" síwájú nọ́ńbà 14, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, Màmá Ńlá sì ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó.